Ẹni Tó Fo Jakarta Kò Tíì Dé Indonéṣíà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́. Bí èèyàn bá ti fẹnu kàn án pé òun fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Indonéṣíà, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ní fún un: "Má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò ní Jakarta o. Bó o bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, wọ òmíràn, ó di Bali." Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ́. Tọkọtaya tó lọ ṣe ìsinmi ìgbéyàwó ń sọ ọ́. Àwọn tó ń gbé fídíò ìrìnàjò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ́, ẹni tí kò lọ ibì kankan rí náà sì ń sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Tó o bá wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí ní Jakarta, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá pápákọ̀ òfurufú Soekarno-Hatta, èyí tí kò tilẹ̀ sí nínú Jakarta rárá. Tangerang, ìlú tó múlé gbè é, ló wà. Wọ́n dájọ́ ìlú tí wọn kò wọ̀.

Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ẹjọ́ wọn, ó sì yẹ kí n gbé e kalẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n ní ọkọ̀ máa ń dí ní Jakarta débi pé ibi tí èèyàn ń wò lọ́ọ̀ọ́kán lè gbà á ní wákàtí kan kó tó dé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ooru ibẹ̀ ń mú, èéfín sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín ọkọ̀ àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń sun èédú a máa bo ojú ọ̀run. Wọ́n ní apá kan ìlú náà ń rì, pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń kó olú ìlú lọ síbòmíràn. Òótọ́ ni pẹ̀lú. Wọ́n ní kò sí ohun tí ojú lè wò níbẹ̀: kò sí tẹ́ńpìlì àtayébáyé bíi Borobudur, kò sí ààfin oníwúrà bíi ti Bangkok, kò sí etíkun oníyanrìn funfun. Èyí tí wọ́n wá fi ń dé gbogbo rẹ̀ lórí ni pé Indonéṣíà gidi kò sí nínú ìlú ńlá, pé abúlé àti erékùṣù ló wà, níbi tí àṣà ò tíì dà rú.

Ẹjọ́ tó dùn létí ni. Ẹ jẹ́ ká wá tú u palẹ̀.

Ká ti ibi ọkọ̀ tó ń dí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ táàsì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójú pópó Sudirman, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ohun tó bá rí. Láti ọdún 2004 ni bọ́ọ̀sì TransJakarta ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ wọ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rẹ̀ so Blok M ní gúúsù mọ́ Kota, ìlú àtijọ́, ní àríwá, 3,500 rupiah sì ni owó ọkọ̀ rẹ̀, tí kò tó ìdá mẹ́rin dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ ojú irin MRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Lebak Bulus dé Bundaran HI ní àárín ìlú, nǹkan bíi kìlómítà 16. Ọkọ̀ ojú irin mìíràn ń ti Bogor bọ̀ láàárọ̀, ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ dé Kota. Bó bá jẹ́ pé kíákíá lo fẹ́, ọ̀kadà tí wọ́n ń fi fóònù pè wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, ẹni tó ń gùn ún á sì fún ọ ní akoto kó tó gbéra. Ta ló wá fi tipátipá ti arìnrìnàjò sínú táàsì? Àwọn èèyàn tó ń gbé Jakarta àti àwọn ìlú tó yí i ká lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Ṣé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní dí ni? Ta ló ti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rí pé kó má dé New York nítorí pé ọkọ̀ ń dí ní Manhattan? Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń sá lọ: àwọn ojú ọ̀nà tóóró Canggu àti Kuta ní Bali ń dí bákan náà, Bali kò sì ní ọkọ̀ ojú irin kankan tí èèyàn lè sá sí.

Ní ti ooru, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú gbéra, kí ló fẹ́ sọ nípa ooru? Ọ̀rọ̀ èéfín ló wúwo, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi èéfín kẹ́gàn Jakarta kì í sọ ohun tí àwọn ará ìlú náà ṣe sí i. Àwọn aráàlú 32 ló pe ìjọba lẹ́jọ́, látorí ààrẹ orílẹ̀-èdè dé orí gómìnà, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sínú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ilé ẹjọ́ dá wọn láre, ó ní ìjọba kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ìlú tí a ń pè ní ẹlẹ́wà ni àwọn aráàlú rẹ̀ ti gbé ààrẹ lọ sílé ẹjọ́ lórí afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì borí? Ìlú tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń gbé ni wọ́n ní ká fò.

Ìlú tó ń rì ńkọ́? Apá àríwá Jakarta ti wọlẹ̀ ní mítà mélòó kan láàrin nǹkan bí àádọ́ta ọdún sí àkókò yìí. Ohun tó fà á kì í ṣe àdììtú. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ilé gbogbo èèyàn, nítorí náà ilé gbígbé, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìtura gbẹ́ kànga ẹ̀rọ jìnnà sílẹ̀, wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jáde lọ́sàn-án lóru, ilẹ̀ tí omi ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ sì ń rọ́ sísàlẹ̀. Ní Muara Baru, ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi dá òkun dúró á rí i pé omi òdìkejì ga ju títì tí òun wà lọ. Mọ́ṣáláṣí Waladuna wà lẹ́yìn ògiri náà lọ́hùn-ún, òkun ti gbà á, wọn kò kírun níbẹ̀ mọ́. Ọmọ Èkó, tí ìlú rẹ̀ jókòó sétí òkun, tí kànga ẹ̀rọ kún gbogbo àdúgbò rẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún pé kò sí ohun tó yẹ kó lọ wò níbẹ̀? Kí ló tún wà láyé tó yẹ kó lọ wò ṣáájú ìyẹn?

Nípa olú ìlú tó ń kó lọ, àwa gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Ààrẹ Joko Widodo kéde pé wọ́n máa kọ́ olú ìlú tuntun sí Ìlà-Oòrùn Kalimantan, ní erékùṣù Borneo. Ní 2022 ni òfin sọ ọ́ ní Nusantara. Àwọn kan wá ń wí pé ìtàn Jakarta ti parí nìyẹn. Oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Àbújá. Ṣé Èkó kú? Ẹni tí kò dé Èkó rí, tó jẹ́ Àbújá nìkan ló mọ̀, ṣé ó lè dúró láàrin wa kó ní òun mọ Nàìjíríà?

Mo ti dé ibi tó ń ká mi lára jù: pé kò sí ohun tí ojú lè wò. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí wọ́n ń wá ni òkúta ńlá kan tàbí ilé aláràbarà kan tí wọ́n lè dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Jakarta kò to ohun tó ní síbì kan. Ìtàn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn, láti èbúté bọ̀ sí àárín ìlú, ẹni tó bá sì rìn ín kò tún ní fẹnu rẹ̀ sọ ìsọkúsọ yẹn mọ́.

Ní Sunda Kelapa, èbúté àtijọ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi onígi tí wọ́n ń pè ní pinisi ṣì tò ti ara wọn, imú wọn gbé sókè. Lára àwọn Bugis ti erékùṣù Sulawesi ni iṣẹ́ ọnà náà ti wá. Àwọn alágbàṣe ń ru ẹrù gba orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n ń gbà á jáde. Ìtàgé kọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Níbí yìí ni ọba Sunda ti bá àwọn Potogí dá májẹ̀mú ní 1522. Òkúta tí wọ́n fi ṣẹ̀rí rẹ̀ wà ní mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè títí dòní. Ní 1527, ọ̀gágun kan, Fatahillah, gba èbúté náà, ó sọ ibẹ̀ ní Jayakarta. Ní 1619, Jan Pieterszoon Coen, aṣojú VOC, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́láǹdì, sun Jayakarta, ó kọ́ Batavia lé eérú rẹ̀ lórí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kan náà kó ọmọ ogun lọ sí àwọn erékùṣù Banda, ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílẹ̀, ó lé àwọn ìyókù, kí èso kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní nutmeg lè di ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Àwọn ilé àká tí wọ́n ń kó irú èròjà bẹ́ẹ̀ sí ṣì dúró létí èbúté náà, òpó igi ńláńlá inú wọn ṣì le dáadáa. Wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́mù ọ̀rọ̀ òkun. Èèyàn lè wọ ibẹ̀, kó fọwọ́ kan òpó tó gbé ọrọ̀ Amsterdam dúró. Ṣé ìyẹn kò tó ohun à ń wò?

Ìtàn náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Láàrin 1831 sí 1872, ó lé ní 3,000 ọkùnrin adúláwọ̀ tí àwọn Họ́láǹdì fi ọkọ̀ kó láti Elmina, ní Gánà òde òní, lọ sí Batavia láti jẹ́ ọmọ ogun wọn ní àwọn erékùṣù náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí wọ́n rà, tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa fi owó oṣù ọmọ ogun san gbèsè òmìnira wọn. Àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n ní Belanda Hitam, àwọn ará Họ́láǹdì dúdú. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó bá ń fò kọjá lórí ìlú yìí lọ dùbúlẹ̀ sí etíkun Bali, ó ń fò kọjá lórí ọ̀nà tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbà.

Rìn díẹ̀ sí gúúsù, wàá bọ́ sí gbàgede Fatahillah. Ilé ìjọba tí àwọn Họ́láǹdì parí ní 1710 ló dojú kọ ọ́. Lókè, yàrá àwọn aláṣẹ. Nísàlẹ̀, àhámọ́ tí èèyàn gíga kò lè nàró nínú rẹ̀. Nínú ilé yìí ni wọ́n ti Ọmọọba Diponegoro mọ́ ní 1830, lẹ́yìn tó bá wọn ja ogun ọdún márùn-ún ní Java, kí wọ́n tó gbé e lọ sígbèkùn. Lónìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yá kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ mèremère níwájú ilé náà, wọ́n ń gùn ún káàkiri.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni dé Glodok, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà. Ní 1740, nínú ìlú Batavia, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn, wọ́n sì ní kí àwọn tó kù lọ máa gbé lẹ́yìn odi. Bí Glodok ṣe di tiwọn nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Suharto ń wó lọ, iná tún jó àwọn ìsọ̀ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ Suharto, wọn kò lè ṣe ọdún tuntun wọn ní gbangba. Ààrẹ Abdurrahman Wahid ló gbé òfin náà kúrò ní 2000, láti 2003 sì ni ọjọ́ náà ti di ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Tẹ́ńpìlì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1650 wà níbẹ̀; iná jó o ní 2015, wọ́n tún un kọ́. Obìnrin ń ta ẹja àti ewébẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ta ló dúró síwájú ẹnu ọ̀nà yẹn tó lè sọ pé òun ò rí nǹkan?

Ní àárín ìlú, mọ́ṣáláṣí Istiqlal dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ti àwọn Àgùdà, títì kan ló là wọ́n láàrin. Istiqlal wà lára àwọn mọ́ṣáláṣí tó tóbi jù lágbàáyé. Friedrich Silaban ló ya àwòrán rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni. Àwòrán tirẹ̀ ló borí nínú ìdíje, Ààrẹ Sukarno sì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ní 1978 ni wọ́n ṣí i. Bó bá di ọjọ́ Kérésìmesì, ọgbà mọ́ṣáláṣí ni àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n ti la ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láàrin ilé méjèèjì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 sì ni Póòpù Francis àti Nasaruddin Umar, ìmáàmù àgbà Istiqlal, jọ dúró sẹ́nu rẹ̀. Yorùbá tí àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń kírun máa mọ iyì ohun tó ń wò níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò lọ.

Ó wá ku èyí tí wọ́n fi ṣe odi agbára: pé Indonéṣíà gidi kò sí ní Jakarta. Irọ́ ni, èyí kò sì ní àbọ̀ òótọ́ nínú. Indonéṣíà tó ní erékùṣù tó lé ní 17,000 kò fìgbà kankan jẹ́ orílẹ̀-èdè kan tẹ́lẹ̀ rí. Èèyàn ló jókòó tí wọ́n dá a sílẹ̀, Jakarta ni wọ́n sì ti dá a. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1928, nínú ilé ará Ṣáínà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà ní òpópónà Kramat Raya, nọ́ńbà 106, àwọn ọ̀dọ́ láti Java, Sumatra, Ambon, Sulawesi àti ilẹ̀ Batak búra pé ilẹ̀ kan, orílẹ̀-èdè kan, èdè kan ni àwọn. Àwọn ará Java ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ kì í ṣe èdè Java ni wọ́n mú. Èdè Malay tó jẹ́ ti ọjà àti ti èbúté ni wọ́n gbà. Ẹ rò ó wò: ẹ̀yà tó pọ̀ jù gbà láti fi èdè tirẹ̀ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè mélòó ló ti rí irú rẹ̀? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni W. R. Supratman kọ́kọ́ fi fáólíìnì ta orin tó di orin orílẹ̀-èdè wọn. Ilé náà ṣì wà, ó ti di mùsíọ́mù. Ní òru tó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1945, nínú ilé ọ̀gágun ojú omi ará Jàpáànù kan, Maeda, ní òpópónà Imam Bonjol, Sukarno, Hatta àti Soebardjo, àwọn tó léwájú nínú ìjà òmìnira, jókòó kọ ọ̀rọ̀ òmìnira. Ilẹ̀ mọ́, Sukarno kà á sétígbọ̀ọ́ aráyé ní Pegangsaan Timur, nọ́ńbà 56. Gbogbo ibi wọ̀nyí, èèyàn lè fi ọjọ́ kan rìn wọ́n já. Abúlé wo ló ní Indonéṣíà gidi ju èyí lọ?

Àṣà tí wọ́n ní ó wà ní erékùṣù, Jakarta ló kó o jọ. Wọ ilé oúnjẹ Padang, tí àwọn Minang láti Sumatra ń ṣe: wọn kò ní bi ọ́ ní ohun tó o fẹ́, wọ́n á kàn to àwo bíi mẹ́wàá síwájú rẹ, rendang ẹran màlúù tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè títí ó fi gbẹ, ẹja, ẹ̀dọ̀, ewé gbágùúdá, èyí tó o bá sì fọwọ́ kàn nìkan lo máa sanwó rẹ̀. Nínú àdúgbò kan náà, àwọn ará Tegal ti ṣí búkà tiwọn, níbi tí awakọ̀ àti akọ̀wé ti jọ ń jẹun lórí báńṣì kan. Ará Madura ń fẹ́ná sí sátè ní ìkòríta. Betawi, tí í ṣe ọmọ ìlú náà gan-an, ń din kerak telor, ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin àti àgbọn, lórí èédú. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń se Indomie ń ṣiṣẹ́ di ọ̀gànjọ́, ilé-iṣẹ́ tó ni Indomie tí àwọn ọmọ wa fi dàgbà sì wà nínú ìlú yìí. Bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ti pópó Sudirman àti Thamrin mọ́ ọkọ̀, gbogbo ẹ̀yà yìí á sì tú jáde, wọ́n ń rìn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ta, wọ́n ń rà.

Bali rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka orí. Àwọn ọmọ Indonéṣíà lé ní 280 mílíọ̀nù, ará Bali jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lé díẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè náà, ó tó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ní Bali, ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù. Bali yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń fi júwe ìyókù. Ní Seminyak àti Canggu, àlejò ni wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ dè, òun ni wọ́n ń se oúnjẹ fún, òun ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹni tó lọ sí Bali nìkan wọ yàrá àlejò nínú agboolé ńlá, wọ́n fún un lómi tútù, ó dìde, ó ní òun ti mọ gbogbo ẹbí. Jakarta kò tún ara rẹ̀ ṣe nítorí àlejò. Ó ń jí lọ síbi iṣẹ́, ó ń bá ìjọba rẹ̀ ṣẹjọ́, ó ń bá òkun jìjàdù, o sì wà láàrin rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ohun tí ìrìnàjò wà fún gan-an nìyẹn, etíkun kò sì lè fún èèyàn ní irú rẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi òru kan kún un fún Jakarta kó tó máa lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo láti lò ní Indonéṣíà, Jakarta ni kó lo gbogbo rẹ̀ sí. Kó rìn láti Sunda Kelapa dé Kramat Raya, kó jẹun ní búkà Tegal, kó dúró sẹ́yìn ògiri Muara Baru. Bí owó ẹni kò bá ká ju ibì kan lọ, Bali ni kó fi sílẹ̀.